Kirkissoye, ẹ̀yìn Odò Ọya: Níbi tí géèmù àtijọ́ àti tẹlifíṣọ̀n kì í ti í gbọ́ èdè ara wọn

Títí di oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn ológun fipá gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger tí ẹnubodè sì di títì, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ń gbà dé Niamey kò fara sin rárá. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ní Cotonou, wọ́n á gba Parakou dé Malanville, wọ́n á gun orí afárá bọ́ sí Gaya, wọ́n á sì fi Dosso sílẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó fojú kan olú-ìlú náà. Ìrìn àjò tó lé ní 1,000 kìlómítà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń pàdé Odò Ọya, lẹ́ẹ̀kan ní Gaya, lẹ́ẹ̀kan ní Niamey fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó mọ irú obìnrin tí Ọya í ṣe, kò ní í ṣàì rẹ́rìn-ín pé ìyàwó Ṣàngó ti ṣáájú òun dé ìlú àjèjì. Omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá Niamey yìí náà ni yóò ṣàn títí dé Kainji, tí yóò sì gba abẹ́ afárá Jẹ́bà kọjá kó tó forí lé Lọ́kọ́ja.

Apá òsì odò ni ìlú gan-an wà. Ibẹ̀ ni Ọjà Ńlá wà, ibẹ̀ ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá wà, ibẹ̀ náà ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó ń jẹ́ orúkọ Boubou Hama wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1959. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń pè ní Harobanda, tó túmọ̀ sí ẹ̀yìn omi ní èdè Zarma. Kí wọ́n tó ṣí afárá Kennedy ní 1970, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá síbẹ̀. Odidi ogójì ọdún ni afárá kan ṣoṣo yẹn sì fi ru gbogbo ẹrù ẹ̀yìn omi, kí àwọn ará Ṣáínà tó bá wọn kọ́ èkejì ní 2011, tí ẹ̀kẹta sì tẹ̀lé e ní 2021.

Ẹ̀yìn omi yìí ni Kirkissoye wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ karùn-ún ìlú Niamey, kò sì jìnnà sí Karadjé, Lamordé àti Nogaré. Kì í ṣe àdúgbò tí àwọn tó ń mú àlejò kiri máa ń yà sí. Oko ìrẹsì ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń darí omi odò sí, ọgbà ẹ̀fọ́ wà lẹ́bàá omi, àwọn ilé alámọ̀ àti ilé oníbíríkì sì jọ wà pọ̀. Zarma, Hausa àti Fúlàní ni èdè tí etí ń gbọ́ jù, Faransé sì ni tí ilé-ìwé. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ bí ọ̀gọ̀dọ̀ ìrẹsì ṣe ń rùn lẹ́yìn òjò yóò mọ̀ pé òun kò jìnnà sílé tó bí òun ṣe rò.

Kí ló wá kan géèmù àtijọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn omi? Ó kàn án púpọ̀. Kárí ayé lónìí, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ta géèmù nígbà èwe wọn ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi tún rí eré náà lójú tẹlifíṣọ̀n tuntun. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan fún un tí wọ́n ń pè ní scaler. Nínú scaler ọ̀hún ni ṣíìpù kan wà tó ń jẹ́ FPGA, èyí tó lè di irú ẹ̀rọ tó bá wu ẹni tó ń lò ó. Àwọn onímọ̀ wá ń béèrè pé, bí irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ bá wà nínú scaler, kí ló dé tí scaler náà kò fi ní í di ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, Japan àti Europe ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ṣùgbọ́n ìlú tí omi ti ń wọlé, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sì ń sọ èdè tí ti aládùúgbò rẹ̀ kò gbọ́, níbẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ náà ti ń hàn ju bó ṣe ń hàn lọ́dọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún lọ́dún ní Niamey. Ẹ̀kún àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kún pupa, ń dé láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò bá rọ̀ nítòsí tí àwọn odò bíi Sirba, Dargol àti Gorouol sì gbá yanrìn pupa wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kún kejì ni omi tó rọ̀ ní Guinea, tó ti fi oṣù bíi mélòó kan tàn kálẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mali, tí kì í dé títí ọyẹ́ yóò fi mú. Ti àkọ́kọ́ ló ń bani lẹ́rù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi wọ àwọn àdúgbò ẹ̀yìn omi, Kirkissoye kò sì yọ sílẹ̀. Ní 2020, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, ó tún padà wá, ó fọ́ ògiri tí wọ́n fi dí i, ó gbé oko ìrẹsì mì, ó sì sọ ilé alámọ̀ di ẹrẹ̀. Inú ilé-ìwé ni wọ́n kó àwọn tí kò nílé mọ́ sí.

Nígbà tí omi bá ń wọlé, ọmọ àti àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé, lẹ́yìn náà àpò ìrẹsì. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké tó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, ta ni yóò dúró gbé e? Ẹ̀rọ géèmù àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tilẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n omi pupa kì í jáde kúrò lára ojú irin tí wọ́n fi ń so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá dípẹtà lọ́dún yìí, yóò dípẹtà lẹ́ẹ̀mí-ìn. Ibi tí omi kò sì dé, ooru yóò dé ibẹ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ooru Niamey ń kọjá 40 ní ìwọ̀n Celsius. Àwọn agolo kékeré tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀, tó ń mú iná dúró déédéé nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, omi ara wọn a máa gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni eruku ọyẹ́ a máa parí iṣẹ́ tó kù. Ojúlówó ẹ̀rọ àtijọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ̀yìn omi kò mọ ẹ̀rọ o. Kò jìnnà sí Kirkissoye, ní ẹ̀gbẹ́ odò kan náà, ni yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Abdou Moumouni wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí, ohun ìtìjú sì ni. Tessaoua ni wọ́n ti bí i ní 1929. Ó kàwé nípa físíìsì ní ilẹ̀ Faransé títí dé òkè téńté, ó tún lọ sí Moscow láti kẹ́kọ̀ọ́ lórí agbára oòrùn, ó sì padà sílé wá darí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí oòrùn ní Niamey, èyí tí wọ́n ń pè ní ONERSOL. Nígbà kan náà, ìjọba Niger ń fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: abúlé kò ní iná. Ní 1968, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n tó ń fi iná oòrùn ṣiṣẹ́ kalẹ̀ nínú ilé-ìwé ní Niger, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Europe kò tíì fojú kan páńẹ́ẹ̀lì oòrùn rí. Moumouni kú ní 1991. Yorùbá a máa fi WNTV Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná ìlú ni tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ń lò.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, ọ̀nà pín. Nàìjíríà mú PAL, tí ọmọ Jámánì kan, Walter Bruch, ṣe. Niger mú SECAM, bíi Benin àti Togo, nítorí pé Faransé ni SECAM, Henri de France ló sì ṣe é. Kí ló fi ìyàtọ̀ sí àárín àwọn méjèèjì? Àwòrán aláwọ̀ ní ohun mẹ́ta nínú: ìmọ́lẹ̀, àti ìhìn méjì nípa àwọ̀. PAL ń kó ìhìn méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. SECAM kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ á gbé ìhìn kan, ìlà tó tẹ̀lé e á gbé èkejì, tẹlifíṣọ̀n á sì máa rántí ìlà tó ti kọjá kó lè so wọ́n pọ̀. Ó dà bí ìyàwó ilé méjì tí wọ́n ń ka ìròyìn kan náà fún baálé wọn ní gbólóhùn gbólóhùn. Bí baálé bá gbàgbé ti ìyálé kí ìyàwó tó dé orí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní àwọn ọdún 1990, géèmù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ṣe ní Éṣíà, tó ń fara wé Famicom tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1983, kún ọjà gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni ọdún náà kò lè gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n kọ 9999 sí lára, tí eré inú rẹ̀ kò ju mẹ́wàá tàbí ogún lọ, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ wọn. Ní Lagos àti Ìbàdàn, owó ni àwọn ọmọdé fi ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù. PAL ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá gba ẹnubodè dé Niamey, tí wọ́n so wáyà áńténà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ ju SECAM lọ, àwòrán á jáde ní dúdú àti funfun. Ohùn kò tilẹ̀ ní í jáde rárá, àfi ariwo ṣììììì, nítorí pé ibi tí Nàìjíríà ń fi ohùn sí nínú ìgbì àwòrán yàtọ̀ sí ibi tí Niger ń fi tirẹ̀ sí. Ọmọ tó bá ra géèmù aláwọ̀ yóò rò pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò sí ẹni tó lù ú ní jìbìtì, ẹnubodè tí àwọn òyìnbó fi wáyà fà ló kọlù. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tó gbọ́ èdè púpọ̀ dé láti Éṣíà ni wàhálà náà rọlẹ̀.

Ìṣòro tuntun ti rọ́pò rẹ̀ báyìí, kò sì yọ PAL tàbí SECAM sílẹ̀. Géèmù àtijọ́ ń fi nǹkan bí 240 ìlà ránṣẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ 4K ní 2,160 ìlà. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ń ṣi 240 ìlà yẹn mú sí àwòrán onílàjì, irú èyí tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Àwòrán á ṣú, akọni inú eré á máa fò lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ páàdì tán. Ẹni tó bá ti ta géèmù rí mọ̀ pé ìfàsẹ́yìn bí ìṣẹ́jú ojú kan tó láti pa ènìyàn nínú eré.

Iṣẹ́ scaler bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ògbufọ̀ ni. Ó dúró sáàárín ẹ̀rọ géèmù àti tẹlifíṣọ̀n, ó gba ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ́ di nọ́ńbà, ó sì tún un sọ ní èdè tí tẹlifíṣọ̀n tuntun gbọ́. Bí ó bá sọ ìlà kan di mẹ́sàn-án, 240 di 2,160 géérégé, kò sí èyí tó ṣẹ́kù, kò sí èyí tó dín. Markus Hiienkari, ọmọ ilẹ̀ Finland, ṣe èyí tó ń jẹ́ OSSC, ó sì ṣí àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. OSSC kì í dúró de odidi àwòrán kó tó sọ̀rọ̀. Bí ìlà bá ṣe ń wọlé ni ó ń gbé e jáde, nítorí náà ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan. RetroTINK-4K tí Mike Chi gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2023 ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n 750 dọ́là ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó pa ará Niamey lẹ́rìn-ín. Nítorí SECAM tí ayé kò gbọ́, ìjọba Faransé ti pàṣẹ láti 1980 pé kí gbogbo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n bá tà lọ́dọ̀ wọn ní ihò oníkà 21 kan tí wọ́n ń pè ní Péritel. Ihò yìí gbà kí àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí PAL, láìsí SECAM. Nítorí àṣẹ yẹn ni Nintendo ṣe fi ohun èlò kún èyí tó tà ní Faransé kó lè bá ihò náà mu. Ní báyìí, ihò ọ̀hún gan-an, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní SCART, ni àwọn onígéèmù àtijọ́ ń wá kiri, nítorí pé ó wà lára àwọn ọ̀nà tó mọ́ jù láti gba àwòrán jáde lára ẹ̀rọ àtijọ́. OSSC ní in, RetroTINK-4K ní in. Àṣà tí gbogbo Europe ń fi Faransé ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí ló wá di èyí tó là.

Ó wá ku FPGA fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí eégún onídán lójú agbo kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Abẹ́ aṣọ kan náà ni yóò ti di erè, tí yóò di ọ̀ọ̀nì, tí yóò tún di ìyàwó òyìnbó. Ṣíìpù tó wà nínú ẹ̀rọ lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ni yóò wà títí yóò fi kú. FPGA yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Xilinx ní Amẹ́ríkà, tí Ross Freeman wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló kọ́kọ́ tà á ní 1985. Yàrá kékeré 64 ló wà nínú ti àkọ́kọ́ náà. Èyí tó wà nínú pátákó DE10-Nano, tí àwọn onígéèmù fẹ́ràn jù, ní 110,000. Bí a bá tan iná sí i, òfìfo ni. Ìwé tí a bá kà sí i létí ni yóò sọ bí yàrá kọ̀ọ̀kan yóò ṣe so mọ́ èkejì, bí wọ́n bá sì so tán, ó ti di ẹ̀rọ tuntun. Ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní core.

Èyí kì í ṣe emulator o, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lò lórí kọ̀ǹpútà. Emulator dà bí akọ̀ròyìn: ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ ì bá ṣe, ó ń sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Core ń gbé ẹ̀rọ náà wọ̀, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gba ariwo àwọn tó ń tà á gbọ́ pé core kì í purọ́. Ènìyàn ló kọ ọ́, ohun tó bá sì ṣi mú nínú ẹ̀rọ àtijọ́ yóò ṣì í kọ. Core tó dára ju emulator tí kò dára lọ, òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀.

Láti 2017 ni Alexey Melnikov ti kó àwọn core jọ sábẹ́ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MiSTer. Core Nintendo inú rẹ̀ fìdí múlẹ̀ lórí iṣẹ́ Ludvig Strigeus, ọmọ Sweden. Robert Peip ló kọ ti PlayStation àti Nintendo 64, Jose Tejada ní Spain ló sì kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù inú ṣọ́ọ̀bù ńlá. Kò sí èyí tí ilé-iṣẹ́ géèmù rán níṣẹ́. Ohun tó sì kan ọ̀rọ̀ scaler ni pé nínú MiSTer, scaler wà nínú ṣíìpù kan náà pẹ̀lú core. Apá kan FPGA ti di Famicom, apá kejì ti di ògbufọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu wáyà kankan. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àwọn onímọ̀ kì í fi í ṣe àlá. Bí ẹ̀rọ géèmù bá lè gba ògbufọ̀ mọ́ra, ògbufọ̀ náà lè gba ẹ̀rọ géèmù mọ́ra, bí yàrá inú ṣíìpù rẹ̀ bá ti tó. Bí kò bá tó ńkọ́? Kò tó náà nìyẹn. Iṣẹ́ scaler 4K nìkan ń jẹ àyè púpọ̀, Nintendo 64 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo DE10-Nano. Famicom àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á wọlé ní ìrọ̀rùn.

Ẹ wá gbé e sí Kirkissoye kí ẹ wò ó. Kásẹ́ẹ̀tì tí omi 2020 gbé lọ ti lọ. Core kò wúwo, inú káàdì tó kéré ju èékánná lọ ni yóò wà, àpò ṣòkòtò sì ni ẹni tó ń sá fún omi yóò ti í bọ̀. Ìwé eré fúnra rẹ̀ ní ẹni tó ni ín, òfin sì wà lórí rẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ Nintendo tí kì í fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìpẹtà. Ní ti owó, nǹkan bí 130 dọ́là ni DE10-Nano nígbà tí MiSTer bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ́n sí i lẹ́yìn náà. Ní 2024 ni pátákó mìíràn tó fara wé e jáde ní 99 dọ́là, ìyẹn nǹkan bí 60,000 owó sẹ́fà. Kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń gbin ìrẹsì. Àmọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bá dá a jọ, ọwọ́ wọn yóò tó o.

Iná ńkọ́? Wáyà ńlá kan wà tó ń gbé iná láti Birnin Kebbi lọ sí Niamey, láti Kainji ni ọ̀pọ̀ iná inú rẹ̀ sì ti ń bọ̀. Omi Ọya ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ ní Kirkissoye, agbára rẹ̀ ń gba orí wáyà padà gòkè. Ọdún 1968, tí oòrùn tan tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé ní Niger, ni wọ́n parí ìsédò Kainji náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn ìfipágbàjọba, Nàìjíríà pa wáyà yẹn, Niamey sì ṣókùnkùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ títí wọ́n fi tún un tàn ní 2024. Ẹni tó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé wáyà rí i nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n DE10-Nano kì í jẹ ju wáàtì mẹ́wàá lọ, láti ẹnu wáyà fóòtì márùn-ún, kò sì nílò ju páńẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré àti bátìrì kan. Tẹlifíṣọ̀n abuké nìkan ń jẹ ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje ìyẹn.

Gbogbo èyí dára, síbẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Kirkissoye jù kò tíì di sísọ. Ohun tí kálukú mọ̀ nígbà èwe rẹ̀ ló ń kọ core sí. Ọmọ Sweden kọ ti Nintendo tirẹ̀, ọmọ Spain kọ ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni scaler, èdè ibi tí wọ́n ti ṣe é ló ń gbọ́ jù. OSSC kì í gba wáyà oníhò yẹ́lò rárá, àfi èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó gbà sílẹ̀ láti ojú Télé Sahel ní SECAM kò lè gbé e síwájú rẹ̀ lásán, àfi kó kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ mìíràn tí yóò tú àwọ̀ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó gbọ́ SECAM sì ń dín kù lójoojúmọ́, omi ń gbé wọn, ooru ń pa wọ́n, wọ́n sì ń bá ìdọ̀tí lọ. Bí èyí tó kẹ́yìn bá kú, ìgbéyàwó, ìdíje ìjàkadì àti ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ tó wà nínú irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yóò di dúdú àti funfun, gẹ́gẹ́ bí géèmù tó ti Nàìjíríà dé ṣe di dúdú àti funfun nígbà kan.

Ṣùgbọ́n kí ni SECAM jẹ́, bí kò ṣe ìsokọ́ra wáyà? Kò ṣòro tó Nintendo 64. Ìlà kan á gbé ìhìn kan, èkejì á gbé èkejì, ìrántí ìlà kan ṣoṣo ló sì nílò. Ṣíìpù òfìfo kan náà tó di Famicom lè di etí tó gbọ́ SECAM, tí ẹnì kan bá jókòó kọ ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ físíìsì àti ẹ̀rọ wà ní ẹ̀yìn omi yìí, àṣírí OSSC àti ti MiSTer ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, èdè Faransé tí Henri de France fi kọ àlàyé tirẹ̀ sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Láti ẹnu-ọ̀nà yunifásítì Abdou Moumouni dé etí oko ìrẹsì Kirkissoye, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín kí oòrùn tó wọ̀.